Ọkọ̀ Àkọ́kọ́ Ni Bàbá Ìyókù: Ìjà Páàkì ní Etí Omi Kan ní Lọ́kọ́jà

Wọ́n ní kí n wá bá àwọn lé àlejò. Bí alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà ṣe sọ ọ́ lórí fóònù nìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023. Ó ní Kérésìmesì ti kọjá, ọdún tuntun ti wọlé, ṣùgbọ́n ara àwọn kò tíì balẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Bó bá di Àjíǹde tí àwọn ènìyàn yìí tún kó mọ́tò wá, ìjà á bẹ́ sílẹ̀, kò sì ní dára."

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ àti ọ̀nà ni mo ṣe lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ gọ́tà, ààlà tàbí ojú ọ̀nà bá fẹ́ di ìjà láàárín aládùúgbò, wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ Yàgbà ni mí, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́jà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kúnnákúnná fún àwọn tí irú rẹ̀ ń dé ọwọ́ wọn, yálà akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, káńsẹ́lọ̀ tàbí olórí ọ̀dọ́, torí ọ̀pọ̀ nǹkan la dán wò tí kò jẹ́ kí a tó rí èyí tó jẹ́. N kò ní dárúkọ àdúgbò náà. Ẹni tó bá dá a mọ̀, kó jọ̀wọ́ pa á mọ́ra.

Ẹni tó bá mọ Lọ́kọ́jà mọ̀ pé ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Láàárín oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ sí Ọ̀wàrà ni omi máa ń kún jù. Tó bá di Bélú, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, iyanrìn á sì yọrí létí odò. Omíyalé ọdún 2022 le débi pé ó gé ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé wọn. Nígbà tó lọ tán, ó da iyanrìn tuntun sí ìsàlẹ̀ àdúgbò tí mò ń sọ yìí, ó funfun báláú, ó tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Omi tó ba àga àti bẹ́ẹ̀dì wọn jẹ́ lóṣù Ọ̀wàrà náà ló wá pe àlejò sí wọn lọ́rùn lóṣù Ọ̀pẹ.

Títì kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀nà ńlá lọ síbi iyanrìn náà. Gígùn rẹ̀ kò ju mítà 240 lọ, ó ní kọ́nà kan láàárín, ilé sì tò lọ́tùn-ún lósì. Ọwọ́rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àwa Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé àti Bùnú náà wà, bẹ́ẹ̀ ni Nupe, Hausa àti Bassa. Wọ́n ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, "Ọ̀kun o" ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀, Nupe tó bá wọn gbé náà mọ bí a ti ń dáhùn.

Àlejò ọdún kì í dá wá. Bọ́ọ̀sì kan á kún dẹ́múdẹ́mú láti Ọ̀kẹ́nẹ́, jíìpù mẹ́ta á tẹ̀lé e láti Àbújá, ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sílé ní Kàbà tàbí Ìsánlú á ní kí àwọn kọ́kọ́ yà wo omi. Wọ́n á kó kúlà, ìkòkò ìrẹsì àti sípíkà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gbé mọ́tò sí ẹnu géètì ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó di inú omi. Bí onílé bá fẹ́ jáde, á máa fọn họ́ọ̀nù títí ọwọ́ á fi ro ó. Ẹlòmíràn gbọ́ họ́ọ̀nù náà, ó ní kí wọ́n ní sùúrù kí òun jẹun tán. Ọ̀kan tilẹ̀ wa ọkọ̀ gba orí láfún tí ìyá kan sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí ìyá náà figbe ta, ó ní òun rò pé ẹfun ni.

Ohun tó yí ẹ̀dùn padà di ìbínú ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní ọdún 2023. Aboyún kan ń rọbí. Ọkọ rẹ̀ ní mọ́tò, epo wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́ta ló dí i mọ́lé. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé ìyàwó náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi àyà gbà á mú, wọ́n ń yọ́ gba àárín mọ́tò títí wọ́n fi dé ojú ọ̀nà ńlá. Ó bí láyọ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ méje dànù.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn bí. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó lọ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn so mọ́lẹ̀. Ọjọ́ ọdún ni, fọganáísà kankan kò sí nítòsí, ilẹ̀ ṣú mọ́ àlejò lọ́wọ́ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, títì náà sì dí títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Wọ́n ti fi ìṣó gún táyà ọkọ̀ kan nínú méje náà. Ẹni tó ni ín pe ọlọ́pàá, ọmọkùnrin mẹ́ta sùn sí àgọ́, ẹgbẹ́ onílé sì ra táyà tuntun méjì fún ẹni tó dí wọn lọ́nà. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló wá di onígbèsè.

Ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dúró sí nìyí. Bó ti wù kí ọkọ̀ ẹlòmíràn dí onílé lọ́nà tó, òfin kò fún un láṣẹ láti bà á jẹ́. Ọlọ́pàá ni kó pè, tàbí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí nọ́ńbà ìpè wọn jẹ́ 122. Lóòótọ́, lọ́jọ́ ọdún, ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n máa ń kó òṣìṣẹ́ sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àdúgbò. Nítorí náà, ohun tí yóò gbà wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. N kò mọ ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí o. Èmi náà gbà pé àwọn àlejò ni kò ní ẹ̀kọ́.

Kí n tó dé, wọ́n ti dán nǹkan méjì wò. Èkíní ni pátákó. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọ̀dà kọ ọ́ ní Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ síbẹ̀, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ilé mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibi tí mọ́tò ń dúró sí ló wà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé ti bo pátákó mọ́lẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e kò rí nǹkan kan àfi mọ́tò tó ti wà níbẹ̀, ó sì rò pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Mo rí ọ̀kan nínú pátákó náà tí wọ́n ti fi aṣọ ìwẹ̀ sá sí.

Èkejì ni dúrọ́ọ̀mù àti okùn. Wọ́n to dúrọ́ọ̀mù méjì sí orí ọ̀nà, wọ́n na okùn sí i láàárín, wọ́n ní onílé nìkan ló lè kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi wà. Ọkọ̀ táńkà omi kò rí ọ̀nà wọlé, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú láàárín ọ̀sẹ̀ náà ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó tú okùn fún ọkọ̀ òkú, ọ̀rọ̀ náà dun ún títí di òní. Títì ìjọba ni. Ẹgbẹ́ onílé tó bá ti títì ìjọba pa láìgba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ ló ń wá.

Nígbà tó kàn mí, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé kí n wọn ọ̀nà náà, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, tépù kì í ṣègbè. Àmọ́ títì kì í dá. Ọjọ́ tí mo rí i tó dá ni ọjọ́ ìbò ààrẹ, 25 oṣù Èrèlé. Ẹ rántí pé wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò rìn lọ́jọ́ ìbò. Mo dìbò tán láàárọ̀, mo mú tépù àti ọmọ ọmọ mi kan tí yóò bá mi di orí kejì mú, a fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Láti gọ́tà ọ̀tún dé gọ́tà òsì jẹ́ mítà 6. Ní kọ́nà, ó fún sí mítà 5 ó lé díẹ̀, torí onílé kan ti na pèpéle rẹ̀ jáde.

Mo ṣírò rẹ̀ fún alága lórí erùpẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan fẹ̀ tó mítà 1.8. Bí wọ́n bá to ọ̀kan sí ọ̀tún, tí wọ́n to òmíràn sí òsì, mítà 2.4 ló kù láàárín, láìtíì ka díńgí àti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ panápaná fẹ̀ tó mítà 2.5. Alága dákẹ́, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé bí iná bá jó níbí lọ́jọ́ ọdún..." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí di ọjọ́ yẹn, ìwà ìbàjẹ́ àlejò ni wọ́n ń sọ. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa mítà 2.4. Ó rọrùn láti bá ènìyàn jiyàn lórí ìwà, kò rọrùn láti bá a jiyàn lórí ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ wọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ jókòó. Ọjọ́ Àìkú méjì tẹ̀ léra nínú oṣù Ẹrẹ́nà, mo ra ẹja yíyan, mo wá ìjókòó lábẹ́ igi kan nítòsí kọ́nà, mo sì ń ka mọ́tò láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Nǹkan méjì ni mo rí níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nínú ìpàdé.

Mo kọ́kọ́ rí i pé ọkọ̀ kì í kàn dúró síbi tó bá ti rí ààyè. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, fún nǹkan bí wákàtí kan, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń rọra, onítọ̀hún ń wò ọ̀tún wò òsì, ó ń wá ẹni tí yóò bi léèrè. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin kan gbé Kóróòlà rẹ̀ sí kọ́nà, ẹsẹ̀ kan sórí gọ́tà. Ẹni tó tẹ̀lé e kò wo ibòmíràn mọ́, ẹ̀yìn Kóróòlà náà ló lọ. Ní ọ̀sán, ọkọ̀ 23 ló ti tò sẹ́yìn ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo wọn gbé ẹsẹ̀ kan sórí gọ́tà gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló páàkì fún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, òdì kejì ni ti àkọ́kọ́ dúró sí, òdì kejì náà ni gbogbo wọ́n sì kọjú sí.

Ohun kejì ni ó dùn mí jù. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan wà tí ń fi ọwọ́ júwe fún àwọn ọkọ̀: "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ gbé e síbí, ó ti dára." Ibi tí wọ́n ń júwe ni ẹnu géètì. Igba náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn, ọ̀wọ́n owó tó bá pípààrọ̀ náírà wá kò tíì tán, owó bébà kò sí lọ́wọ́ àlejò, àwọn ọmọ náà ti bá obìnrin kan tó ní POS ṣe àdéhùn, òun ni ó ń gba owó náà fún wọn, ó sì ń yọ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó létò ni, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Mo bèèrè ọmọ ta ni èyí tó ga jù nínú wọn. Wọ́n sọ fún mi. Ọmọ bàbá tí ó ń pariwo jù nínú ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ni, bàbá tó ní kí wọ́n máa gún gbogbo táyà.

N kò dójú ti bàbá náà. Mo lọ bá a nílé ní alẹ́, mo kí i, a sọ̀rọ̀ ilé, a sọ̀rọ̀ iṣu, kí n tó sọ ohun tí mo rí. Ó kọ́kọ́ bínú sí mi. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ kò rí iṣẹ́ fún mi láti ìgbà tí mo ti parí ilé-ìwé, kí ni kí n ṣe?" Ẹnu bàbá náà wọ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìjà onílé àti àlejò ni mò ń parí. Nínú ilé kan náà, ẹni kan ń jìyà páàkì, ẹni kan ń jẹun lórí rẹ̀. Ìyàwó alága gan-an ń ta omi tútù àti mínírà níbi iyanrìn. Nígbà tí mo bi í, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: "Bí wọn kò bá wá, kí la ó jẹ lóṣù Ṣẹ́rẹ́?"

Nítorí náà, ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní n kò ní jókòó pẹ̀lú onílé nìkan mọ́. A pe àwọn ẹlẹ́ja, àwọn ọmọ tó ń júwe, Nupe tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ènìyàn kiri, olórí fijilanté, obìnrin oní-POS. Mẹ́ta nínú àwọn onílé dìde lọ, wọ́n ní àwọn kò lè bá ọmọ ìta jókòó. Ọ̀kan padà wá kí ìpàdé tó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dàrú ni ti àwọn ẹlẹ́ja. Mo ti sọ fún wọn pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní òdì kejì ọ̀nà ńlá, pápá rẹ̀ ṣófo ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, kí a gbé mọ́tò àlejò lọ síbẹ̀ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn wá. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Olórí àwọn ẹlẹ́ja ní rárá, oníbàárà tí ó bá rìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ nínú oòrùn kò ní rà ẹja, omi ni yóò máa wá. Mo rò ó, mo bi í pé, "Màmá, èwo nínú oníbàárà yín ló ń rà jù, ẹni tó wà nínú mọ́tò ni tàbí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni inú mọ́tò máa ń yí gíláàsì sókè nítorí èéfín. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé kí àwọn gbé ààrò àwọn kúrò níbi iyanrìn wá sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ á ti gbọ́ òórùn ẹja. Bí mo bá ti fi agídí sọ ọ́ fún un ni, ì bá má gbà.

Pápá ilé-ìwé náà jẹ́ mítà 70 ní gígùn, 40 ní ìbú. Bí a bá ka ààyè ọkọ̀ kan pẹ̀lú ibi tí yóò ti yí sí mítà onígun mẹ́rin 25, ọkọ̀ 112 ni ó yẹ kó gbà. Igi máńgò méjì wà níbẹ̀, òpó bọ́ọ̀lù wà, mo fi í sí 90. Ọ̀gá ilé-ìwé kò lè dá gbà á, ó ní kí a kọ ìwé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi tọ ìwé náà. Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé a ó gbá pápá náà kí àwọn ọmọ tó wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ hú òpó bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 10 oṣù Igbe, ni ìdánwò àkọ́kọ́. Ó bàjẹ́. Mo ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn mìíràn ń sọ pé ó yọrí díẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni méjèèjì tó bà á jẹ́. Mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ jáde ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí èrò máa ń pọ̀. Mo ti gbàgbé Kóróòlà tí mo fi ojú ara mi rí. Kí wọ́n tó jáde, ọkọ̀ 11 ti wà ní kọ́nà, kò sì sí ẹni tó gbà pé kí òun lọ sí pápá nígbà tí ó ń wo ọkọ̀ 11 níwájú rẹ̀. Èkejì ni pé mo gbà kí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ já ènìyàn àti kúlà sílẹ̀ kó tó padà gòkè. Ó dára létí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọkọ̀ lè yí sí nísàlẹ̀. Ní aago mẹ́ta, èyí tó ń sọ̀ àti èyí tó ń gòkè ti kojú ara wọn ní kọ́nà, ẹnikẹ́ni kò lè fà sẹ́yìn. Wákàtí méjì. Àwọn onílé mẹ́ta tí wọ́n ti dìde lọ níjọ́sí dúró sí ẹnu géètì wọn, wọ́n ń wò mí.

Sallah ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Igbe, ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa sọ fún wa pé ọjọ́ kejì Sallah ni omi máa ń kún fún èrò, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìrun àti ilé ẹbí. Ohun tí mo yí padà kò pọ̀. Aago méje ààbọ̀ ni a jáde. Ibi ìjáni-sílẹ̀ di ẹnu títì lókè, àwọn ọmọ tí ń júwe ló ń fi bárò gbé kúlà àti ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń gba owó ẹrù. Ní kọ́nà, níbi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa ń dúró sí, mo fẹ́ kí a gbé òkúta síbẹ̀.

Ìyá kan nínú àdúgbò náà, ọmọ Ọwọ́rọ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyá tí wọ́n wa táyà gba orí láfún rẹ̀, ní kí a má gbé òkúta. Ó ní òun á jókòó síbẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣeré. Ó gbé àga onípáàkó rẹ̀ jáde, ó gbé agboorùn, ó gbé igbá ẹ̀gúsí tó ń bó sórí itan, ó jókòó sí ibi tí Kóróòlà ti dúró.

N kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ tó bá yọjú ní kọ́nà á rí ìyá àgbà kan, á sì rọra. Ìyá á ní, "Ọ̀kun o, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìrìn." Bó bá jẹ́ Hausa, á kí i ní Hausa. Ẹni tí wọ́n bá kí gbọ́dọ̀ dáhùn. Nígbà tó bá sọ gíláàsì kalẹ̀ láti dáhùn, ìyá á ní, "Ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí wà lókè, ó ní ibòòji, ọmọ mi yìí á mú yín lọ." Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe nǹkan kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa, ohun tí wọ́n ń sọ ní Àjíǹde ni "Ẹ kò gbọdọ̀ wọlé!", ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró rárá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ènìyàn méjì ló bá ìyá jiyàn. Ọ̀kan nínú wọn padà wá bẹ̀ ẹ́, ó fún un ní ẹran.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbí yàtọ̀ sí ohun tí mo gbé wá. Àlejò ọdún kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè kọ́. Ẹni tó wá lónìí lè má padà wá mọ́, ẹlòmíràn ni yóò wá lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì gbọ́ ohun tí o sọ fún ti èṣí. Gbogbo pátákó, gbogbo ìbúra, gbogbo táyà gígún, bí ẹni ń kọ̀wé sórí omi ni. Títì ni a lè kọ́, torí òun ló wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bó o bá ti fi ẹnì kan sí ibi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò dúró sí, àádọ́rin ọkọ̀ tó kù ti gbọ́ràn kí wọ́n tó dé.

Ọ̀rọ̀ ẹni ńlá ṣì kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Sallah náà, ọkọ̀ kan tó ní ọlọ́pàá lẹ́yìn dé, kò kí ìyá, kò sì fẹ́ gbọ́ nípa pápá ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé bí ó bá dúró sójú títì, ọkọ̀ márùn-ún yóò tẹ̀lé e. Mo bẹ onílé kan, ó ṣí géètì rẹ̀, a gbé ọkọ̀ náà sínú àgbàlá. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ààyè méjì pamọ́ sínú àgbàlá yẹn, ọ̀kan fún irú wọn, ọ̀kan fún aláìlera tí kò lè rìn. Inú mi kò dùn sí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ojú títì ni mo ń ṣọ́, n kò rò pé ọwọ́ mi ni títún ìwà àwọn ẹni ńlá Nàìjíríà ṣe wà.

Owó tún fẹ́ tú wa ká. Ní oṣù Ebibi, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ onílé ní kí a máa gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pápá. Mo takò ó. Àtẹ kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ibùdókọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dá owó páàkì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọjọ́ kan ni agbowó-òde yóò dé bá a, yóò sì ní òtítọ́ lẹ́nu. Wọn kò gbà mí gbọ́ títí Iléyá fi dé tí agbowó-òde dé lóòótọ́. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí òṣìṣẹ́ wọn wá tà á, kí ó fún ènìyàn ní ìwé. Àwọn ọmọ tiwa kì í gba owó páàkì. Owó ẹrù àti owó fífọ mọ́tò ni tiwọn, ó sì ju igba náírà àtijọ́ lọ. Ọmọ bàbá aláriwo ló ń ṣe olórí wọn.

Ní 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, mo tún jókòó lábẹ́ igi mi, mo sì tún kà. Ọkọ̀ àlejò mẹ́rin ló wà lójú títì, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ẹbí onílé. Pápá kún fún nǹkan bí wákàtí kan, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí àgbàlá fún ìyókù. Ìyá àgbà wà lórí àga, ó ní ìgbáròkó ń dun òun, a sì ti fi ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó máa kọ́ bí a ti ń kí ènìyàn. Ariwo sípíkà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá lórí iyanrìn. N kò fọwọ́ kan ìyẹn, wọn kò sì pè mí fún un.

Nínú oṣù Èrèlé tó kọjá, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan láti àdúgbò etí omi mìíràn pè mí. Ó ní àwọn gbọ́ pé mo ní irú pátákó kan tí àlejò máa ń gbọ́ràn sí, kí n bá àwọn fi ránṣẹ́. Mo bi í pé ta ní ń júwe fún àwọn ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sí ẹnu géètì wọn. Ó ní òun á bèèrè, òun á padà pè mí. Mo ṣì ń retí rẹ̀.